Aago oníná fún yàrá ọmọdé: ó mọ ìgbà jíjí, kò mọ ìgbà sísùn

Bó bá jẹ́ pé ìdájí ni wàhálà ilé yín, tí ọmọ ń jí nígbà tí ilẹ̀ ò tíì mọ́, tó sì fẹ́ kí gbogbo ilé bá òun jí, ẹ lè ra aago yìí, owó yín ò ní ṣòfò. Bó bá jẹ́ pé alẹ́ ni, tí ọmọ ń fi gbogbo ọgbọ́n orí rẹ̀ sá fún bẹ́ẹ̀dì, ẹ jẹ́ kí owó yín wà lápò. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé àwọn tó ń tà á kì í ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ ni pé á mú ọmọ sùn, á sì mú un jí. Ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn ló jóòótọ́.

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe, ilé ni mo sì ti ń ṣe é. Nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn lálẹ́ ni mo máa ń rójú ṣe èyí tó gba sùúrù, bíi ká fi ọwọ́ rán etí aṣọ tàbí ká tú ibi tí kò gún. Torí náà mi kì í tètè sùn, ẹni tó bá sì jí mi ní aago márùn-ún ti ba iṣẹ́ ọjọ́ yẹn jẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ méjì ni mo bí. Èyí ẹ̀gbọ́n, ọkùnrin, ti pé ọdún mẹ́fà, àbúrò rẹ̀ obìnrin jẹ́ ọdún mẹ́ta, yàrá kan náà ni wọ́n ń sùn. Àbúrò yìí ni kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́. Á jí, á kọ́kọ́ bá ògiri sọ̀rọ̀ díẹ̀, á wá lọ fi ìka ṣí ìpéǹpéjú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò bóyá ó wà nínú ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n á figbe ta. Bàbá wọn á fa aṣọ ìbora borí. Ó wá ku èmi.

Aago náà kò tóbi, àtẹ́lẹwọ́ gbà á. Ó rí roboto, iwájú rẹ̀ ní nọ́ńbà, òkè rẹ̀ funfun, ibẹ̀ sì ni iná ti ń tàn. Ẹ̀yin lẹ máa sọ àkókò oorun àti àkókò jíjí fún un. Tí àkókò oorun bá tó, iná pupa á tàn. Tó bá ku ìdajì wákàtí kí ọmọ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, á di yẹ́lò, tí àkókò bá sì pé, á di gíríìnì. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí kò tíì lè ka aago mọ ìyàtọ̀ láàárín pupa àti gíríìnì, òfin ilé sì ti di ohun tó lè fojú ara rẹ̀ rí. Ó tún ní ohùn oríṣiríṣi: ti òjò, ti atẹ́gùn, ti omi tó ń ṣàn, àti èyí tó kàn ń ṣe “ṣíìì” láìdákẹ́. Ó ní rìmóòtù. Ó ní àwọ̀ òṣùmàrè fún ẹni tó bá fẹ́ fi ṣe iná yàrá lóru, màá padà sórí ìyẹn. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Irú rẹ̀ pọ̀ lọ jàra lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ tó wà lára wọn ló sì sábà ń yàtọ̀.

Èyí tó ń lo áàpù orí fóònù náà wà, ṣùgbọ́n mi ò rò pé ẹ nílò rẹ̀. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ fi bọ́tìnnì méjì ṣe, ẹ máa lọ wá a lórí fóònù nínú òkùnkùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ, ọmọ á rí fóònù, oorun á sì dá lójú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń sọ pé aago yìí kò ṣiṣẹ́ ni ibi tí wọ́n gbé gíríìnì sí. Ọmọ ń jí ní aago márùn-ún, òbí ń fẹ́ aago méje, wọ́n á kúkú gbé e sí aago méje. Ọmọ ọdún mẹ́ta wo ló máa jókòó sínú òkùnkùn fún wákàtí méjì, kó máa wo iná pupa? Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, á ti mọ̀ pé iná yẹn kì í yí padà, kò sì ní kà á sí mọ́. Àkókò tí ọmọ ń jí gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé e sí, tàbí kẹ́ ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún péré lé e. Ẹ jẹ́ kó jí kó sì bá gíríìnì níbẹ̀, kó rí i pé ọ̀rọ̀ aago náà máa ń ṣẹ. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ máa wá fi ìṣẹ́jú márùn-ún tàbí mẹ́wàá sún un síwájú, kí ara ọmọ mọ́ ọn kẹ́ ẹ tó tún sún un. Ó gba sùúrù. Bá a ṣe ṣe é nílé wa nìyẹn, díẹ̀díẹ̀ la sì fi kúrò ní aago márùn-ún dé aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú. A ò dé aago méje, mi ò sì rò pé a máa dé ibẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo gbọ́ ohùn nínú yàrá wọn, mo lọ yọjú. Àbúrò ti wọ́ ìrọ̀rí rẹ̀ wá sílẹ̀ níwájú aago, ó dojú bolẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àgbọ̀n ró, ó ń ṣọ́ iná. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yíra padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ló bá sọ ọ́ wẹ́lẹ́ pé, “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má tíì lajú o, ó ṣì pupa.” Nígbà tó di yẹ́lò, ó fò dìde, ó fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀ kó má baà pariwo, ó tún jókòó. Ọmọ tó ń fi ìka ṣí ojú onílé tẹ́lẹ̀ nìyẹn o.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú rẹ̀ ni pé èmi kọ́ ni mò ń sọ pé “ó tì” mọ́. Aago ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ lè bẹ ìyá, ẹ lè sunkún fún bàbá, ta ló fẹ́ bẹ aago? Nígbà tí ìyá mi wá kí wa, wọ́n wo gbogbo rẹ̀ títí, wọ́n ní, “Bàbá ń bẹ nílé, ìyá ń bẹ nílé, iná ló wá ń pàṣẹ?” Mo ní, “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ó máa pa á, kí n lè rí oorun sùn.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì àwọn gan-an ló ń bèèrè lọ́wọ́ ọmọ bóyá iná ti yí padà.

Kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ ṣírò oorun ọmọ yín ná. Lọ́dún 2016, ẹgbẹ́ oníṣègùn oorun ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní American Academy of Sleep Medicine gbé iye wákàtí tó yẹ jáde. Ọmọ oṣù 4 sí 12, wákàtí 12 sí 16. Ọmọ ọdún 1 sí 2, wákàtí 11 sí 14. Ọdún 3 sí 5, wákàtí 10 sí 13. Ọdún 6 sí 12, wákàtí 9 sí 12. Àwọn ọ̀dọ́ ọdún 13 sí 18, wákàtí 8 sí 10. Fún àwọn kéékèèké, oorun ọ̀sán wà nínú rẹ̀. Ẹ wo bí àlàfo ibẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Ọmọ ọdún mẹ́rin kan á sun wákàtí mẹ́wàá, ara rẹ̀ á dá ṣáṣá, ẹgbẹ́ rẹ̀ á sun méjìlá, á ṣì máa fi ọwọ́ ra ojú.

Ẹ wá fi ìyẹn wo ọmọ tiyín. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó sùn ní aago mẹ́jọ alẹ́, tó jí ní aago márùn-ún, tó sì sun wákàtí méjì lọ́sàn-án, ti sun wákàtí mọ́kànlá. Oorun rẹ̀ ti pé. Kò sí iná tó lè fi oorun kún oorun ẹni tó ti sùn yó. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó pẹ́ kó tó jí, ara oorun ọ̀sán lẹ ti máa gé díẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ máa sún àkókò alẹ́ síwájú díẹ̀díẹ̀. Oorun ọ̀sán la gé ní tiwa, a dín in kù sí wákàtí kan, mo sì rò pé ìyẹn ṣe tó ìdajì iṣẹ́ tí aago ń gba ìyìn rẹ̀. Ti ọmọ tó ń sùn ní aago mẹ́wàá alẹ́, tó ń jí ní mẹ́fà, tí kì í sì í sùn lọ́sàn-án yàtọ̀. Wákàtí mẹ́jọ péré nìyẹn. Kí wọ́n tètè máa gbé e lọ sùn ló kù, kì í ṣe aago.

Ẹ má sì retí pé ọmọ tí oorun rẹ̀ kò tó á máa tòògbé bí àgbàlagbà. Òmíràn á máa sáré yí ilé ká ni. Òmíràn á sunkún àsun-ùn-dákẹ́ nítorí pé bàtà ẹsẹ̀ òsì lẹ kọ́kọ́ wọ̀ fún un. Tẹ́ ẹ bá ń rí irú èyí ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ka wákàtí kẹ́ ẹ tó ka ẹ̀ṣẹ̀ sí ọmọ lọ́rùn.

Ó kan ọ̀rọ̀ iná gan-an. Pupa tí wọ́n yàn dára, ó nídìí. Nínú ojú wa, àwọn nǹkan kan wà tí iṣẹ́ wọn kì í ṣe ká fi ríran. Wọ́n ń wọn ìmọ́lẹ̀ kí ọpọlọ lè mọ̀ bóyá ọ̀sán ni tàbí òru. Àwọ̀ búlúù ni wọ́n ń gbọ́ jù, pupa ni wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ kà sí. Tí òkùnkùn bá ṣú, ara á máa tú melatonin sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tó ń sọ fún gbogbo ara pé alẹ́ ti lẹ́. Tí ìmọ́lẹ̀ bá wọlé, melatonin á fà sẹ́yìn. Ti ọmọdé tún wá le ju tàgbà lọ, torí pé dígí inú ojú wọn mọ́ gaara, ihò ẹyinjú wọn sì fẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan ní yunifásítì Colorado tó wà ní Boulder dán an wò lára àwọn ọmọ mẹ́wàá tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ ọdún 3 sí 5, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2018. Wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ náà ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná tó mọ́lẹ̀ gan-an fún wákàtí kan kí wọ́n tó sùn. Melatonin wọn lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 88 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí wọ́n sì ti pa iná náà fún ohun tó tó àádọ́ta ìṣẹ́jú, kò tíì gbérí padà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọmọ mẹ́wàá kò pọ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti kà á ni mo ti ń pa iná ńlá pálọ̀ ní wákàtí kan kí wọ́n tó lọ sùn.

Ta ló wá ní kí wọ́n fi àwọ̀ òṣùmàrè sínú aago oorun ọmọdé, tí búlúù rẹ̀ ń ta yànmọ̀yanmọ? Ìyẹn kò yé mi. Ọmọ mi fẹ́ràn rẹ̀, ó dájú, ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ fẹ́ràn ní aago mẹ́jọ alẹ́ kì í sábà jẹ́ oorun.

Pupa náà kò dín tó. Mo dán an wò. Mo pa gbogbo iná, mo ti ilẹ̀kùn, mo gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ aago, mo sì dín pupa rẹ̀ kù dé ìpẹ̀kun. Mo mú abẹ́rẹ́ tínrín àti òwú dúdú, mo sì ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Iná tí mo lè fi ti òwú bọ abẹ́rẹ́ ti pọ̀ jù fún yàrá tí ènìyàn ń sùn. Ohun tí mo ṣe ni pé mo rán fìlà kékeré fún un, aṣọ dúdú ìlọ́po méjì, mo dá ihò tó fẹ̀ tó àtàǹpàkò sí i. Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ tó ọmọ rí, kò sì tó o fi ṣeré. Nígbà tí mo ti jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ tán, mo kúkú ran aṣọ inú tó nípọn mọ́ kọ́tìnnì wọn. Kì í ṣe àwọ̀ aṣọ kọ́tìnnì ló ṣe pàtàkì, etí rẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kó fẹ̀ ju fèrèsé lọ lápá méjèèjì, kó sún mọ́ ògiri, torí ẹ̀gbẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ń gbà wọlé. Bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan nínú kọ́tìnnì yẹn àti aago yìí, kọ́tìnnì ni màá mú, mi ò sì ní ro ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ohùn rẹ̀ ńkọ́? Ti òjò dára, kò ní ibi tó ti já tó tún bẹ̀rẹ̀, àwọn ẹ̀rọ míì ní, ọmọ tó létí á sì máa retí ibẹ̀. Ó ń bo ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ mi mọ́lẹ̀, ìyẹn nìkan ti tó fún mi láti lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Lọ́dún 2014, Pediatrics, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ọmọdé, gbé àyẹ̀wò kan jáde lórí ẹ̀rọ ohùn oorun ọmọdé mẹ́rìnlá. Tí wọ́n bá yí wọn sókè dé ìpẹ̀kun ní ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà sí etí, gbogbo wọn ló kọjá 50 decibel (ohun tí wọ́n fi ń wọn bí ariwo ṣe pọ̀ tó) tí wọ́n dámọ̀ràn fún yàrá ìkókó ní ilé ìwòsàn, mẹ́ta nínú wọn sì kọjá 85, ìyẹn ariwo tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ dáàbò bo etí àwọn òṣìṣẹ́. Nítorí náà, kò gbọ́dọ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, kò gbọ́dọ̀ kọ́ sára rẹ̀. Ẹ gbé e jìnnà tó 200 sẹ̀ǹtímítà, kẹ́ ẹ sì dín ohùn rẹ̀ kù. Téèpù tí mo fi ń wọn aṣọ kò ju 150 lọ, mo gbé e lé ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo fi ìka tẹ ibẹ̀, mo tún wọn 50 lé e. Ibi tó bọ́ sí ni orí kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́nu ọ̀nà. Okùn iná rẹ̀ kò gùn dé ibẹ̀. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ tó yẹ kó jìnnà sí ọmọ, tó wá fún un ní okùn kúkúrú, ó yẹ kó wá ṣàlàyé ara rẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti òru ọjọ́ tí iná mànàmáná lọ. Kò pẹ́ tó fi padà dé, èmi ò tilẹ̀ mọ̀. Àfi bí ọwọ́ kékeré ṣe ń gbọ̀n mí léjìká. “Màmá, ó ti gíríìnì!” Mo la ojú, òkùnkùn biribiri. Ọmọ mi dúró, ó ti wọ bàtà, ó ti gbé báàgì kọ́ apá. Aago ti gbàgbé àkókò nígbà tí iná lọ, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo nígbà tó dé, ó sì tan gíríìnì sí wa ní ààjìn. Kí lẹ fẹ́ kí n wí? Òfin ni òfin. Ọmọ náà ṣe gbogbo ohun tí a ní kó ṣe, ó dúró de gíríìnì. A ní láti jókòó ti ara wa nínú pálọ̀ tí oorun fi tún gbé e, ó sì pẹ́ díẹ̀ kó tó tún gbà pé aago náà kì í purọ́. Bátìrì tó ń tọ́jú àkókò bí iná bá lọ wà nínú àwọn míì. Kò sí nínú tiwa. Mo kọ̀wé sí àwọn tó tà á. Wọ́n fèsì kíákíá, wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún mi, èsì náà ni pé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ṣe é.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni rìmóòtù. Bátìrì pẹlẹbẹ roboto bí owó ẹyọ ló wà nínú rẹ̀, ìdérí rẹ̀ kò ní ìdè, àtàǹpàkò kan ṣoṣo ni mo fi tì í tó ṣí. Tí ọmọ bá gbé irú bátìrì yẹn mì tó sì há sí ọ̀nà ọ̀fun, kò dìgbà tó bá fọ́ tàbí tó jò. Ara tútù á jẹ́ kí iná inú rẹ̀ máa ṣàn, ibi tó bá kàn á sì máa jóná. Láàárín wákàtí méjì ó lè ti ṣe ìpalára tó burú jáì. Wọ́n ṣòfin lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2022 pé irú ìdérí bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ le fún ọmọdé láti ṣí. Mo yọ bátìrì tiwa kúrò lọ́jọ́ tó dé. Bọ́tìnnì ara aago ni a ń lò.

Wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé láti oṣù mẹ́fà ni ọmọ ti lè lò ó. Oṣù mẹ́fà ṣe kí ni? Ọmọ oṣù mẹ́fà kò mọ pé pupa túmọ̀ sí dúró. Ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í retí nǹkan kan, ọmọ á ti tó ọdún méjì àbọ̀ sí mẹ́ta. Àwòrán orí páálí náà tún fi ìkókó hàn tó ń sùn láàárín ìrọ̀rí àti béárì onírun. Àbúrò mi tó ń tọ́ ọmọ ọwọ́ lọ́wọ́ rí i, ó ní ó rẹwà. Mo ní kó má tẹ̀ lé e. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọmọdé ní Amẹ́ríkà tún sọ ọ́ lọ́dún 2022: ẹ̀yìn ni kí ìkókó fi lélẹ̀ sùn, lórí ohun tó tẹ́jú tó sì le díẹ̀, láìsí ìrọ̀rí, láìsí aṣọ ìbora, láìsí nǹkan ìṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n tún kìlọ̀ nípa aṣọ ìbora tí wọ́n di nǹkan wúwo sí, tí wọ́n ń polówó pé ó ń jẹ́ kí ọmọ sùn fọnfọn. Kò gbọ́dọ̀ kan ìkókó rárá.

Fún alẹ́, mo ti sọ pé aago yìí kò wúlò. Pupa á tàn, ọmọ á rí i, á sì máa bá eré rẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n ni tirẹ̀ pọ̀ ní alẹ́: omi, ilé ìtọ̀, ìbéèrè kan tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti àárọ̀ nípa ìràwọ̀. Ohun tó bá a mu jẹ́ ohun tí àwọn onímọ̀ kan ti dán wò lára àwọn ọmọkùnrin méjì, ọ̀kan ọdún mẹ́ta, èkejì ọdún mẹ́wàá, tí wọ́n sì kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1999. Ẹ fún ọmọ ní káàdì kan lálẹ́. Ó lè fi jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ohun tó bá wù ú, kẹ́ ẹ sì gba káàdì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá ti lò ó, ó parí nìyẹn. Ara páálí aago ni mo ti gé káàdì tiwa, mo fi òwú pupa rán etí rẹ̀ kó lè jọ nǹkan gidi. Ní báyìí, ọmọ náà sábà ń fi káàdì sábẹ́ ìrọ̀rí, á máa rò ó bóyá kí òun lò ó nísinsìnyí tàbí kí òun fi pamọ́, inú ìrònú yẹn ni oorun ti ń gbé e lọ. Ẹ wò ó, páálí tí wọ́n fi gbé ẹ̀rọ wá ló yanjú ohun tí ẹ̀rọ kò yanjú.

Èkejì ni kí gbogbo nǹkan máa tẹ̀ léra bákan náà lálálẹ́. Lọ́dún 2009, àwọn olùwádìí kan bá àwọn ìyá 405 ṣiṣẹ́, tí ọmọ wọn jẹ́ ìkókó tàbí tó ń rìn tàgétàgé. Wọ́n ní kí ìdá kan nínú wọn máa wẹ̀ fún ọmọ, kí wọ́n fi ìpara pa á lára, kí wọ́n kọrin fún un tàbí gbá a mọ́ra jẹ́jẹ́, kí iná sì kú láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tó jáde nínú omi. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn yára sùn, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ jí lóru, inú àwọn ìyá gan-an sì dùn sí i. Kò sí bátìrì nínú ìyẹn.

Mo rí i tí àwọn kan kọ ọ́ pé aago yìí gba ọmọ wọn lọ́wọ́ ìgbe òru. Mi ò gbà. Oorun tó jinlẹ̀ jù wà ní ìdá kìíní òru, ibẹ̀ ni ọmọ kan ti lè ṣàdédé jókòó, kó la ojú sílẹ̀, kó máa ké, kó má sì dá yín mọ̀. Kò tíì jí. Ẹ má gbọ̀n ọ́n, ẹ kàn dúró tì í kó má fara pa; á padà sùn, kò sì ní rántí láàárọ̀. Àlákálàá yàtọ̀ sí i. Ìyẹn máa ń wá nígbà tí ilẹ̀ bá fẹ́ mọ́, ọmọ á jí pátápátá, á sọ ohun tó rí fún yín, á fẹ́ kẹ́ ẹ gbá òun mọ́ra. Oorun alálàá tí ẹyinjú máa ń sáré kiri nínú rẹ̀ ló ti ń wá, èyí tí àwọn olùwádìí oorun méjì, Eugene Aserinsky àti Nathaniel Kleitman, kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1953. Armond, ọmọ Aserinsky tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ so wáyà mọ́ lójú kó tó mọ̀ ọ́n. Mo máa ń ronú nípa ìyá ọmọ yẹn.

Tí ọmọ bá ń han-an-run ní ọ̀pọ̀ òru, tí èémí rẹ̀ ń dá dúró díẹ̀ kó tó fà á pẹ̀lú agbára, tàbí tó ń lanu sùn tó sì ń làágùn, dókítà ni kẹ́ ẹ wá, kì í ṣe aago. Ẹran tó wú nínú ọ̀fun tàbí lẹ́yìn imú ló sábà máa ń fà á, wọ́n sì ní ohun tí wọ́n lè ṣe sí i.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ wá èyí tí ìdérí bátìrì rẹ̀ ní ìdè, tó ń rántí àkókò bí iná bá lọ, tí okùn rẹ̀ gùn. Ẹ bèèrè bóyá nọ́ńbà iwájú rẹ̀ ṣeé pa. Tiwa kò ṣeé pa, búlúù ló sì ń tàn, mo ní láti fi ìrépé aṣọ bò ó. Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún un. Ẹyọ kan lọ nítorí rìmóòtù, ẹyọ kan lọ nítorí gíríìnì ààjìn yẹn. Àbúrò ní kí n sọ pé òun fún un ní mẹ́wàá.